Mẹ̀sí Onídísù Tí A Rà Ní Àlòkù

Ọ̀rọ̀ tí a bá ẹgbẹ́ ẹ̀kọ́ àgbà sọ ní Ìlórò-Èkìtì

  Mo mọ̀ pé ẹlòmíràn nínú yín ti oko kòkó bọ̀ tààrà, kò tilẹ̀ tíì bọ́ ẹ̀wù oko kí ó tó wá jókòó síbí. Làálàá yín kò ní í já sí asán.

Ní ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá, nígbà tí a kàwé tán, baba kan nínú yín dúró dè mí lẹ́nu ọ̀nà. N kò ní í dárúkọ wọn. Wọ́n ní, "Ọ̀gá, mo fẹ́ fi ọ̀rọ̀ kan lọ̀ yín. Mo rí mẹ̀sí kan ní Adó. Onídísù ni. Inú rẹ̀ tutù bí ọyẹ́. Iye tí wọ́n fẹ́ tà á kò ga. Mo fẹ́ fi owó kòkó ọdún yìí rà á, kí n sì yá díẹ̀ kún un lọ́wọ́ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù."

Mo bi wọ́n pé, "Baba, èló ni ẹ yà sọ́tọ̀ fún àtúnṣe?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. "Àtúnṣe kẹ̀? Mẹ̀sí ni mo wí, Ọ̀gá!"

Èmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín mi kò dénú, nítorí ohun tí èmi náà sọ ní 2009 gẹ́lẹ́ nìyẹn. Mo tọrọ àyè lọ́wọ́ wọn pé kí n fi ọ̀rọ̀ náà ṣe ẹ̀kọ́ alẹ́ yìí. Wọ́n gbà fún mi. Ẹ ṣé o, baba.

Ní 2009 mo kó owó tí mo ti ń fi pamọ́ láti ìgbà tí mo jẹ́ ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́, mo fi gbogbo rẹ̀ ra 240D kan. Funfun báláú ni. Nígbà tí mo gbé e wọ Ìlórò, àwọn ọmọdé sáré tẹ̀lé e. Fún odidi ọ̀sẹ̀ méjì n kò fi ẹsẹ̀ rìn dé ibì kankan, títí kan ilé aládùúgbò mi tí mo lè pè láti ojú fèrèsé.

Irú ọkọ̀ yìí, láti ìparí 1975 títí di ìbẹ̀rẹ̀ 1986 ni ilé iṣẹ́ Mercedes-Benz fi ṣe é ní ilẹ̀ Jámánì. Gbogbo èyí tí wọ́n ṣe fẹ́rẹ̀ẹ́ pé 2,700,000. Òun ni àwọn ènìyàn wa ń pè ní mẹ̀sí ọlọ́yẹ́, nítorí ẹ̀rọ tí ń fẹ́ atẹ́gùn tútù sínú rẹ̀. Ọkọ̀ àwọn lọ́yà, dókítà àti oníṣòwò ńlá ni nígbà náà. Lẹ́yìn tí ìjọba yí ètò ọrọ̀ ajé padà ní 1986, tí náírà sì ń lọ sílẹ̀, ọkọ̀ tuntun bọ́ lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn. Àlòkù láti òkè òkun ni a wá ń rà, èyí tí a ń pè ní tòkúnbọ̀. Báyìí ni ọkọ̀ ọlọ́lá ṣe dé ọ̀dọ̀ tíṣà àti àgbẹ̀.

Bí ẹ bá dé ẹ̀yìn ọkọ̀ náà, ẹ ó rí nọ́ńbà lára búùtù rẹ̀: 200D, 240D tàbí 300D. Nọ́ńbà yẹn ń sọ bí ẹ́ńjìnì ti tóbi tó. Ṣùgbọ́n lẹ́tà D ni kí ẹ fi ojú sí jù. D yẹn ni ó ń sọ pé dísù ni ó ń mu. Mo ti rí ẹni tí ó rọ pẹtiróòlù kún inú onídísù, nítorí kò ka lẹ́tà kan ṣoṣo yìí. Títú ni wọ́n tú táǹkì rẹ̀ kí wọ́n tó rí i gbọ̀n dànù.

N kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé mo ń bú ọkọ̀ náà. Ọkọ̀ gidi ni. Ní ìlú Tẹsalóníkà, ní ilẹ̀ Gíríìsì, awakọ̀ takisí kan wà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Gregorios Sachinidis. Ó ní 240D kan tí wọ́n ṣe ní 1976, èyí tí ó ṣáájú irú tèmi díẹ̀. Ó wà á títí ó fi rin 4,600,000 kìlómítà. Ní 2004 ó fi í fún ilé iṣẹ́ tí ó ṣe é, wọ́n sì gbé e sí ilé àkójọ ohun àtijọ́ wọn. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹ́ńjìnì kan ṣoṣo ni ó fi rìn ín o. Ọkùnrin náà ń tọ́jú ọkọ̀ rẹ̀ bí ẹni ń tọ́jú àbíkú. Ẹni tí ó ta tèmi fún mi kò tọ́jú tirẹ̀, èmi náà kò sì kọ́kọ́ mọ̀ bí a ti í ṣe é.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ẹ́ńjìnì dísù ti ń ṣiṣẹ́, kí ọ̀rọ̀ tó kù lè yé wa. Ẹ mú pọ́ǹpù tí a fi ń fẹ́ táyà kẹ̀kẹ́. Ẹ fi ìka dí ẹnu rẹ̀, kí ẹ wá máa tì í wọlé kíákíá. Láìpẹ́ ìdí rẹ̀ yóò gbóná. Afẹ́fẹ́ tí a há mọ́ inú rẹ̀ ni ó ń gbóná bẹ́ẹ̀. Bákan náà ni ẹ́ńjìnì dísù ń fa afẹ́fẹ́ sínú, tí ó ń tẹ̀ ẹ́ títí yóò fi kù bíi ìdá kan nínú 20. Afẹ́fẹ́ náà á gbóná débi pé bí dísù bá ta sí i, á gbiná fúnra rẹ̀. Kò lo pọ́lọ́ọ̀gì tí ń ta iná bíi ti ọkọ̀ pẹtiróòlù. Ará Jámánì kan, Rudolf Diesel, ni ó ronú kàn án. Ní 1897 ni èyí tí ó ṣe ṣiṣẹ́ bí ó ti fẹ́. Orúkọ rẹ̀ ni ó di dísù lẹ́nu wa.

Nínú èyí, ẹ mú ohun méjì. Bí inú ẹ́ńjìnì bá ti jẹ, afẹ́fẹ́ yóò máa sá jáde, kò ní í gbóná tó, ọkọ̀ kò sì ní í tètè gbéra. Èkejì, ihò tí dísù ń gbà wọlé kéré ju ojú abẹ́rẹ́ lọ, pọ́ǹpù kan sì ni ó ń fi agbára ńlá tì í gba ibẹ̀. Ìdọ̀tí tàbí omi tí ó bá bá dísù wọlé yóò ba pọ́ǹpù náà jẹ́.

Ibẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ ṣubú. Kí n tó sọ ọ́, ẹ jẹ́ kí a fi ohùn sí ọ̀nà tí a ó fi ṣírò owó. N kò ní í sọ iye náírà, nítorí náírà 2009 kì í ṣe náírà òní. Ẹ jẹ́ kí a sọ pé 100 ni mo ra ọkọ̀ náà. Ohun tí mo bá ná, a ó fi wé 100 yẹn.

Oríṣi fílítà méjì ni ó wà lójú ọ̀nà dísù. Ọ̀kan kéré, ó mọ́ gaara, ẹ lè rí inú rẹ̀ láti òde. Èkejì tóbi bí agolo mílíìkì. Ní oṣù kejì tí mo rà á, mẹkáníìkì mi pè mí, ó ní, "Ọ̀gá, ẹ wo fílítà yìí, ó ti dúdú. Ẹ jẹ́ kí a pààrọ̀ méjèèjì." Owó méjèèjì jẹ́ 1 nínú 100 tí a wí. Mo ní kí ó di oṣù tí ń bọ̀. Ní oṣù kan náà ni epo wọ́n, mo sì ra dísù nínú kẹ́ẹ̀gì lẹ́bàá ọ̀nà. N kò yẹ̀ ẹ́ wò. Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà, ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í jáwọ́ lórí òkè. Ó ń gbọ̀n, ó ń tú èéfín dúdú, ó ń dún kọ̀kọ̀kọ̀ bí ẹni ń fi òòlù lu irin. Omi ti wọ pọ́ǹpù. A gbé pọ́ǹpù àti nọ́sù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lọ sí Akúrẹ́, sọ́dọ̀ ẹni tí ó ní ẹ̀rọ tí a fi ń dán wọn wò. Nígbà tí ó ṣe é tán, owó náà jẹ́ 22. Nítorí pé mo kọ̀ láti san 1, mo san 22.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ èyí sílẹ̀. Dísù tí ẹ kò mọ orísun rẹ̀, ẹ bu díẹ̀ nínú rẹ̀ sínú ìgò funfun, kí ẹ gbé e kalẹ̀ di àárọ̀. Bí omi bá wà nínú rẹ̀, yóò sùn sí ìsàlẹ̀ ìgò, dísù yóò léfòó. Ẹ má sì jẹ́ kí mẹkáníìkì tí kò ní ẹ̀rọ ìdánwò tú pọ́ǹpù yín lábẹ́ igi máńgòrò. Yóò tú u, yóò tò ó padà, ṣùgbọ́n kò ní í lè mọ̀ bóyá iye dísù tí ó ń tú síbí bá ti ọ̀hún mu.

Èéfín dúdú tí mo wí yẹn, ẹ jẹ́ kí n fi kún un. Èéfín sálẹ́ńsà dà bí ìwé, ó ṣeé kà. Dúdú ń sọ pé dísù pọ̀ ju afẹ́fẹ́ lọ. Nígbà mìíràn kì í ju pé fílítà afẹ́fẹ́ ti kún fún eruku lọ, èyí kò wọ́n. Èyí tí ó pọ́n bí aró ń sọ pé ọ́ìlì ẹ́ńjìnì ń jó, ìyẹn ni kí ẹ bẹ̀rù. Funfun ní àárọ̀ tí ó sì tán kíákíá kò burú. Funfun tí kò tán, tí omi radiétọ̀ sì ń dín kù lójoojúmọ́, ń sọ pé omi ń wọ inú ẹ́ńjìnì. Ọ́ìlì ẹ́ńjìnì tí ó dúdú lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀ tí ẹ pààrọ̀ rẹ̀ kì í ṣe àìsàn. Bí dísù ti rí nìyẹn. Ó ń gba lítà mẹ́fà àti díẹ̀, ẹ má ṣe jẹ́ kí wọ́n rọ mẹ́rin kí wọ́n sì gba owó mẹ́fà.

Bí ó bá jẹ́ pé àárọ̀ ọyẹ́ nìkan ni kì í fẹ́ gbéra, ẹ wo hítà pọ́lọ́ọ̀gì. Mẹ́rin ni wọ́n nínú 240D. Wọ́n ń mú inú ẹ́ńjìnì gbóná kí a tó tan án. Iná kékeré kan á tàn níwájú awakọ̀, ẹ dúró kí ó kú, kí ẹ tó yí kọ́kọ́rọ́ lọ tán. Tèmi mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jẹ́ 3. Bátìrì ńlá tí ó ń lò jẹ́ 6, mo sì ti sọ ọ̀kan dànù nítorí pé mo rò pé òun ni ó kú. Àwọn kan á ní kí ẹ ta pẹtiróòlù sí ẹnu ibi tí ó ti ń fa afẹ́fẹ́. Ẹ má gbà. Ó lè fọ́ inú ẹ́ńjìnì.

Ẹ tún rántí títún fáfù ṣe, èyí tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní títún tápẹ́ẹ̀tì ṣe. Bíi 24,000 kìlómítà kọ̀ọ̀kan ni a ń ṣe é fún irú ẹ́ńjìnì yìí. Ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì á ní, "Kò pariwo, ẹ fi í sílẹ̀." Fáfù tí ó fún jù kì í pariwo. Ńṣe ni ó ń jó díẹ̀díẹ̀.

Òkè Ẹ̀fọ̀n ni ó fi radiétọ̀ mi hàn mí. Ẹni tí ó ta ọkọ̀ fún mi ti yọ tẹmọ́sítáàtì rẹ̀ sọnù, omi ẹ̀rọ lásán ni ó sì ń bù sí i fún ọdún púpọ̀, ìpẹtà ti dí ojú ọ̀nà omi. A ń gun òkè, abẹ́rẹ́ tí ń sọ bí ẹ́ńjìnì ti gbóná tó ń gun òkè pẹ̀lú wa. Mo rí i. Mo ní kí a sáà dé òkè ná. Nígbà tí a dé òkè, tọ́ọ̀pù gásíkẹ́ẹ̀tì ti jó. Òun àti radiétọ̀ jẹ́ 14. Bí abẹ́rẹ́ yẹn bá kọjá ààyè rẹ̀, ibi yòówù tí ẹ bá wà, ẹ dúró, ẹ pa ọkọ̀, kí ẹ má sì ṣí ìdérí radiétọ̀ títí yóò fi tutù. Mo mọ ọkùnrin kan tí omi gbígbóná bó láti ojú dé àyà.

Mo ní kí ẹ pa ọkọ̀. Ẹ ó rò pé kí a yí kọ́kọ́rọ́ nìkan ni. Ẹ gbọ́ ohun tí ojú mi rí ní Ìtawùrẹ́.

A ń ti Iléṣà bọ̀, èmi àti àbúrò ìyàwó mi. Mo dúró ní Ìtawùrẹ́ láti ra ọ̀gẹ̀dẹ̀. Mo yí kọ́kọ́rọ́, mo yọ ọ́, mo fi í sápò. Ẹ́ńjìnì kò kú. Mo tún kì í bọ ojú ihò, mo yí i síwá, mo yí i sẹ́yìn. Kò kú. Àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í péjọ. Ọkùnrin kan ní kí a yọ ojú bátìrì. A yọ ọ́. Ẹ́ńjìnì ń ṣiṣẹ́ lọ ní tirẹ̀, wúrúwúrú, bí ẹni pé a kò bá a wí. Bẹ́ẹ̀ ni, nítorí pé onídísù kò nílò iná bátìrì mọ́ bí ó bá ti gbéra. Ìyá ọlọ́gẹ̀dẹ̀ ní kí n lọ bi baba mi léèrè lọ́run bóyá ó fọwọ́ sí i pé kí n ra ọkọ̀. Ó tó ìdajì wákàtí tí a fi wà bẹ́ẹ̀. Wọ́n ti ń wá aṣọ tí wọ́n máa fi dí ẹnu ibi tí ó ti ń fa afẹ́fẹ́. Nígbà náà ni mo tẹjú mọ́ orí ẹ́ńjìnì, mo rí irin kékeré kan, tí a kọ lẹ́tà mẹ́rin sí lára: S, T, O, P. Mo fi ìka tẹ̀ ẹ́. Ẹ́ńjìnì kú fin-ín.

Ẹ̀yin ará mi, ọ̀rọ̀ tí mo ti fi kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì kejì kíkà fún ọdún púpọ̀ ni! Mo ra ọkọ̀ fún oṣù márùn-ún, n kò ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ̀ kí n ka ohun tí ó wà níbẹ̀.

Ìdí rẹ̀ nìyí. Ọkọ̀ yìí ní ẹ̀rọ kan tí ń fa afẹ́fẹ́ gba inú àwọn rọ́bà tín-ín-rín. Fífà yẹn ni ó ń pa ẹ́ńjìnì nígbà tí a bá yọ kọ́kọ́rọ́. Òun kan náà ni ó ń ti àwọn ilẹ̀kùn. Bí rọ́bà kan bá bọ́ tàbí bí ó bá là, ẹ́ńjìnì kò ní í kú. Rọ́bà tí ó bọ́ lára tèmi, owó rẹ̀ kò tó ti ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí mo rà. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín, nítorí pé fífà afẹ́fẹ́ yìí ni ó ń ran ẹsẹ̀ yín lọ́wọ́ nígbà tí ẹ bá tẹ bíréèkì.

Àwọn tí ó kù, n ó kàn fi ẹnu bà wọ́n. Àwọn ẹsẹ̀ ọkọ̀ jẹ́ 12, ọ̀nà wa ni ó jẹ wọ́n. Táyà jẹ́ 9. Wẹ́dà gba 6 fún ilẹ̀ ọkọ̀ tí ó ti dípẹtà lábẹ́ kápẹ́ẹ̀tì, níbi tí n kò gbé sókè wò ní ọjọ́ tí mo rà á. Ọ̀pọ̀ nínú páàtì wọ̀nyí, ọjà Ládípọ̀ ní Mushin, ní Èkó, ni a ti rà wọ́n, àlòkù tí wọ́n ń pè ní Bẹ́líjíọ̀mù, ibi yòówù kí ó ti wá. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀ nínú ìwé yín: 1, nítorí pé mo padà ra fílítà náà, àti 22, àti 3, àti 6, àti 14, àti 12, àti 9, àti 6. Ó jẹ́ 73. Láàárín ọdún kan, ọkọ̀ tí mo rà ní 100 ti di 173, n kò sì tíì ka dísù mọ́ ọn. Ọmọ mi kejì jókòó sílé fún sáà kan nínú ọdún náà nítorí owó ilé ẹ̀kọ́. Ó ti dárí jì mí, ṣùgbọ́n ó ṣì máa ń dárúkọ ọkọ̀ náà.

Ọ̀rọ̀ dísù fúnra rẹ̀, àwọn kan ṣì ń sọ pé ó rọ̀ ju pẹtiróòlù lọ. Bẹ́ẹ̀ ni ó rí ní ìgbà kan. Nísinsìnyí, ẹ ka iye tí ilé epo kọ sára pátákó wọn fún méjèèjì. Òótọ́ ni pé lítà dísù kan ń gbé ọkọ̀ jìnnà ju lítà pẹtiróòlù kan lọ.

Ó kù ọ̀rọ̀ baba wa. N kò sọ pé kí wọ́n má rà á. Mo ṣì ń wa tèmi, òun ni mo gbé wá ní alẹ́ yìí. Láti ọdún kejì tí mo ti ń kọ ọjọ́ àti kìlómítà tí mo pààrọ̀ fílítà àti ọ́ìlì sínú ìwé, owó tí ó ń gbà lọ́dún kò kọjá 15 mọ́. Ohun tí mo bẹ̀ wọ́n ni pé kí wọ́n má fi gbogbo owó ra ọkọ̀. Bí wọ́n bá ní 100, kí wọ́n wá èyí tí kò ju 60 lọ, kí 40 wà nílé dè é. Owó ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi í sílẹ̀ fún oko.

A ti pe ẹni tí ó fẹ́ tà á. A ní kí ó má tan ọkọ̀ náà kí a tó dé. Bí a bá dé, bọ́nẹ́ẹ̀tì ni a ó kọ́kọ́ fi ọwọ́ kàn. Bí ó bá gbóná, ó ti tan án ṣáájú, ó ń fi bí kì í ṣe gbéra pamọ́ fún wa nìyẹn, a ó sì máa bọ̀ nílé. Bí ó bá tutù, a ó tan án, a ó wo èéfín rẹ̀. Lẹ́yìn náà a ó ṣí ìdérí ibi tí a ń rọ ọ́ìlì sí, a ó dojú rẹ̀ délẹ̀ sórí ihò náà nígbà tí ẹ́ńjìnì ń ṣiṣẹ́. Bí ìdérí náà bá ń gbọ̀n díẹ̀, kò burú. Bí ó bá fò sọnù, inú ẹ́ńjìnì ti jẹ. A ó gbé kápẹ́ẹ̀tì sókè. A ó wo rọ́bà. A ó bi í bóyá ó ní ìwé tí ó ń kọ àtúnṣe sí, baba wa fúnra wọn ni yóò sì kà á, kì í ṣe èmi.

Ọjọ́ Sátidé, aago méje àárọ̀, ni a ó gbéra níwájú ilé ẹ̀kọ́ yìí. Àyè ẹni méjì ṣì wà lẹ́yìn ọkọ̀. Baba, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má gbàgbé awò ojú yín.